Ọ̀nì Tó Sọnù Nínú Sinimá

Èmi ni ẹni àkọ́kọ́ ní gbogbo ilẹ̀ Ìbàdàn tó bá òyìnbó inú sinimá jà, tó sì nà án. Ẹ má gbà mí gbọ́ bí ẹ kò bá fẹ́. Mo bà á ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà wú, ó sì gbé e kiri gbogbo ìlú tí wọ́n ti ń fi fíìmù náà hàn, títí ó fi gbé e délé lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ lókè òkun. Ìyá náà bi í pé ta ló nà án báyìí. Ó ní, "Ọmọ Bẹ́yẹrúnkà kan ni, màmá. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Ohun tó mú mi rántí ìjà náà kò ju òṣé lọ. Lánàá ni mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, oúnjẹ ọ̀sán ń fi oorun kùn mí lójú, ni mo gbọ́ tí Rọ́ṣídá, ọmọ ọmọ mi, pòṣé. Kì í ṣe òṣé kékeré. Òṣé tó gùn, tó wọ́ ìrù nílẹ̀ ni. Ó tẹjú mọ́ fóònù, ó ń wo fíìmù tí wọ́n fi ìwé kan ṣe, ìwé tí wọ́n kà tán níléèwé wọn. "Bàbá, wọ́n ti ba ìwé yìí jẹ́! Ọmọbìnrin yẹn kọ́ nìyí. Tinú ìwé kì í ṣe báyìí rárá." Mo bi í pé níbo ló ti pàdé tinú ìwé tó fi mọ̀ pé òun kọ́ nìyí. Ó tún pòṣé. Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nǹkan kan gún mi láyà, bí ìgbà tí ènìyàn bá fọwọ́ kan egbò àtijọ́ tó ti rò pé ó jinná.

Òmìnira ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà tí mò ń wí yìí. Mo ti ń lọ sí bí ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mo sì ti kúrò níléèwé ní kíláàsì kẹrin. Àwọn kan ń sọ pé olódo ni mí. Wọn ò mọ nǹkan kan. Tíṣà wa ló sọ pé òun ò ní ohun tí òun tún fẹ́ fi kọ́ mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bó ṣe sọ ọ́ ní ẹgba nínú. Mo lè ka Yorùbá geerege, mo sì lè ka òyìnbó bí kò bá ti gùn jù.

Ìyá mi ń ta ọṣẹ dúdú l'Ọ́jà'ba. Ní Oríta-mẹ́rin ló ti máa ń ra bébà àlòkù tó fi ń di ọṣẹ fún oníbàárà: ìwé ìròyìn, ìwé iléèwé, ohunkóhun tó bá ṣáà ti ṣe é ká. Inú ẹrù bébà bẹ́ẹ̀ ni ìwé kan ti jáde lọ́jọ́ kan. Èèpo rẹ̀ ti já, ojú ewé àkọ́kọ́ ti lọ tòun ti orúkọ ìwé àti orúkọ ẹni tó kọ ọ́. Kí n sì tó já a gbà, ìyá mi ti ya bí ewé mẹ́fà láàárín rẹ̀, ó ti fi di ọṣẹ, ọṣẹ náà ti bá oníbàárà lọ sí Ìsẹ́yìn.

"Ọṣẹ lèmi ń tà," ni ìyá mi wí. "Bóo bá fẹ́ mọ ohun tó wà níbẹ̀, gba Ìsẹ́yìn lọ."

Ìwé yẹn dùn, ẹ̀yin ọmọ. Ọmọ atukọ̀ kan wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ Àbẹ̀ní. Bàbá rẹ̀ bómi lọ, òun náà sì mú àjẹ̀ bàbá rẹ̀, ó ń fi ọkọ̀ kékeré gbé èrò sọdá odò ńlá. Ọmọ olóyè kan fẹ́ ẹ, ó kọ̀, nítorí Àkànní ló wà lọ́kàn rẹ̀, gbẹ́nàgbẹ́nà tó ń bá a tún ọkọ̀ ṣe. Ogun wá dé, wọ́n kó Àkànní lọ sójú ogun, Àbẹ̀ní sì ń tukọ̀, ó ń wo òdìkejì odò lójoojúmọ́. Èmi gbà pé odò Ọ̀ṣun ni. Gbogbo wa la gbà bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé ìwé àwọn òyìnbó ni, ìwé àtàtà tí wọ́n ti ń kà láti ayé àwọn baba ńlá wọn, tí ọmọ Yorùbá kan wá túmọ̀, tó sì fún gbogbo àwọn tó wà nínú rẹ̀ ní orúkọ tiwa. Ojú ewé àkọ́kọ́ ni yóò ti sọ ọ́, ojú ewé àkọ́kọ́ kò sì sí.

Ìsọ̀ Bàbá Sífáwù, aránfìlà, ni mo ti ń kà á, ní Bẹ́yẹrúnkà. Bí ẹ bá rí àwọn aránfìlà nígbà náà, ẹ ó fẹ́ràn wọn. Wọ́n á na ẹsẹ̀ sórí ẹní, wọ́n á fi fìlà bo orúnkún bí ẹni pé orúnkún ló ń lọ sí mọ́ṣáláṣí, abẹ́rẹ́ á sì máa lọ, á máa bọ̀, láìyọ ariwo. Ọwọ́ wọn ní iṣẹ́, etí wọn ò ní. Ẹni tó bá ní nǹkan tí yóò fi sí wọn létí, ọba ni níbẹ̀. Bí wọ́n bá ti kírun àsárì tán, Bàbá Sífáwù á tẹ́ awọ àgbò tirẹ̀ gan-an fún mi, èmi ọmọ ọlọ́ṣẹ, á ní, "Ó yá, ibi tí a bá a dé." Mo máa ń kọ́kọ́ wúkọ́. Kò sí ohun tó ń ṣe ọ̀nà ọ̀fun mi. Ikọ́ ọlá ni.

Sífáwù, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ẹgbẹ́ mi ni. Ó ti parí ilé kéú, ó lè ka lárúbáwá bí omi tó ń ṣàn, ṣùgbọ́n kò mọ ABD. Ìdí ògiri ló máa ń jókòó sí, á máa ká òwú fún wọn, òun ló sì ń bu omi àmù fún mi bí mo bá wúkọ́. Lọ́jọ́ kan, ó bi mí pé, "Àkànní yìí, báwo ló tilẹ̀ ṣe rí?" Mo wo inú ìwé. Ìwé ò sọ ọ́. Mo wá tẹjú mọ́ bébà, mo kà á sókè pé ó ga níwọ̀nba, ó dúdú minijọ̀, etí rẹ̀ tóbi díẹ̀, ó sì ní àpá kékeré kan lókè ojú òsì. Igi máńgòrò ló fún èmi ní àpá tèmi. Sífáwù gbójú sókè, ó wo àpá náà, ó tún tẹrí ba sídìí òwú rẹ̀, èjìká rẹ̀ ń mì, ó ń rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, ẹ máa pè mí láyé, èmi wà lálùjánnà.

Nígbà tí mo dé ibi tí ewé mẹ́fà ti bá ọṣẹ lọ, Àkànní ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹsẹ̀ kan bọ odò lójú ewé yìí. Lójú ewé tó tẹ̀ lé e, ó ti wà lójú ogun. Èmi ò lè sọ fún àwọn aránfìlà pé ìyókù wà n'Ísẹ́yìn. Mo fi ọ̀nì kan síbẹ̀. Ọ̀nì dìde, ó gbá Àkànní lẹ́sẹ̀ mú, Àkànní fa òòlù yọ lápò, ó ń kán eyín ọ̀nì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń bú u bó ṣe ń kán an. Wọ́n kígbe! Abẹ́rẹ́ gún ènìyàn méjì. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ní kí n tún ibi ọ̀nì kà, bí mo sì ti ń tún un kà ni ọ̀nì ń gùn sí i.

"Ìjẹta, kò gùn tó báyìí," ni Bàbá Sífáwù wí.

"Bàbá, ó ti jẹun láti ìjẹta ni."

Báyìí ni a ṣe wà nígbà tí Múfú dé. Ọ̀rẹ́ mi ni, ọmọ àdúgbò Oníyanrìn, a jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà níléèwé. Ó ti rí iṣẹ́ sí ilé sinimá kan lẹ́bàá Gbági, òun ló ń ya tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní kẹ̀kẹ́, ó ń wọ ṣòkòtò gígùn, ó sì ń la ọ̀nà sínú irun rẹ̀ bí ẹni pé ẹnìkan fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá. Ó wá wò mí nísọ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́ bí mo ṣe ń kà. Lójijì ó pàtẹ́wọ́.

"Ẹ̀yin èèyàn mi! Èyí là ń ṣe ní sinimá wa yìí! Ọmọ atukọ̀, gbẹ́nàgbẹ́nà, ogun. Òun náà ni! Òyìnbó sì ni gbogbo wọn."

"Òyìnbó wo ló ń jẹ́ Àbẹ̀ní?" ni Bàbá Sífáwù bi í.

"Wọ́n ń pè é ní nǹkan mìíràn níbẹ̀ ni, Bàbá. Ṣùgbọ́n òun ni. Máníjà wa ti ka ìwé rẹ̀."

Sífáwù dá òwú kíká dúró. "Àkànní ńkọ́? Báwo ló ṣe rí níbẹ̀?"

"Háà, Sífáwù! Ó ga bí òpó iná. Irun rẹ̀ ń dán. Bó bá rẹ́rìn-ín báyìí, gbogbo obìnrin inú ilé á mí kanlẹ̀."

"Ó ní àpá lókè ojú?"

"Àpá kẹ̀? Ojú ẹ̀ dán bí àwo tánganran."

Ó wò mí. Kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Ó kàn wò mí bí a ṣe ń wo ẹni tó ta ẹran tó ti bàjẹ́ fún ni.

Láti ọjọ́ náà, òwò mi fọ́. Múfú kì í yé wá. Bí mo bá ń kàwé, wọ́n á dá mi dúró láàárín gbólóhùn, wọ́n á kọjú sí i: "Múfú, ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni níbẹ̀?" Á ní bẹ́ẹ̀ ni, tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, á sì dìde, á máa rìn bí Àkànní ti sinimá, á máa fọwọ́ gbá irun sẹ́yìn. Sífáwù bẹ̀rẹ̀ sí í bu omi fún òun náà, òun tí kò wúkọ́. Mo ti ń gbọ́ pé obìnrin ń jowú orogún, mo máa ń fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ẹ wo èmi náà! Tèmi tilẹ̀ burú ju tiwọn lọ. Orogún ẹlòmíràn ní ara, a lè fa irun rẹ̀ tu. Tèmi, Àkànní ti sinimá, jẹ́ ìmọ́lẹ̀ lára aṣọ funfun tí wọ́n ń fi fíìmù hàn sí. Bí wọ́n bá paná, kò sí níbì kankan, síbẹ̀ òun ló gba ọmọbìnrin tó rẹ́rìn-ín sí àpá mi. Owú náà gbóná nínú mi débi pé bí ìyá mi bá gbé ìkòkò lé mi láyà, irẹsì á jinná.

Nígbà tí ààwẹ̀ wọlé, mo wá ta ọgbọ́n kan. Mo pa ìparí ìwé mọ́. Mo ní n ò ní kà á títí Ìtúnu Ààwẹ̀ yóò fi kọjá. Bàbá Sífáwù ní kò burú: ní ọjọ́ kejì Ìtúnu, gbogbo wa á lọ wo sinimá náà, lẹ́yìn náà n ó ka ìparí, a ó sì mọ èyí tó jẹ́ òótọ́. Mo gbà. Mo mọ ìparí yẹn, mo mọ̀ pé ó lágbára. Mo rò pé bí Sífáwù bá gbọ́ ọ, yóò padà sọ́dọ̀ mi.

Ọ̀sán gangan la lọ. Bàbá Sífáwù fi fìlà tuntun dé gbogbo wa lórí bí ẹni ń lọ gbé ìyàwó. Nígbà tí a jókòó, ẹnìkan lẹ́yìn ní kí a jọ̀wọ́ ṣí fìlà, òun ò ríran. Bàbá ní, "Fìlà tí mo fi odidi ààwẹ̀ rán, kí n ṣí i nítorí òjìji?" Wọ́n paná. Àbẹ̀ní jáde. Ó pọ́n, ó tín-ín-rín, irun rẹ̀ dà bí ihúùhù àgbàdo. Bàbá Sífáwù mí kanlẹ̀. "Ọmọ yìí ò jẹun." Nǹkan funfun kan bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ láti ojú ọ̀run, ó ń bo ilé, ó ń bo igi. Bàbá, tó ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́ òwú, ní kò sí ohun ìyanu níbẹ̀, ẹnìkan ló ń gbọn òwú lókè, kò sì mọ iṣẹ́ náà dáadáa.

Àkànní wá yọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín, kò sí bí mo ṣe lè bú u tí yóò fi burẹ́wà. Ó rẹ́rìn-ín, gbogbo obìnrin inú ilé sì mí, gẹ́gẹ́ bí Múfú ti wí. N kò wo aṣọ funfun mọ́. Ojú Sífáwù ni mo ti wo gbogbo ìyókù sinimá náà. Bí ìmọ́lẹ̀ bá tàn níbẹ̀, mo mọ̀ pé Àkànní ti jáde. Bó bá ṣókùnkùn, mo mọ̀ pé ó ti wọlé.

Nígbà tó dé etí odò, ìlà àwa aránfìlà gbéra ńlẹ̀. "Ó yá o! Ọ̀nì ń bọ̀!" Àkànní wẹ odò, ó gúnlẹ̀ ní òdìkejì, irun rẹ̀ kò tilẹ̀ tú. Ọ̀nì ò dé.

Bàbá Sífáwù dìde dúró. "Ẹ dá a dúró! Ọ̀nì dà?"

"Wọ́n ti yọ ọ́!" ni ẹnìkan nínú wa kígbe. "Ibi tó dùn jù ni wọ́n yọ!"

"Múfú! Níbo lo gbé ọ̀nì wa sí?"

Múfú sáré wá tòun ti tọ́ọ̀ṣì, ó ń bẹ̀ wá. Kò pẹ́ tí gbogbo ilé fi ń kígbe "Ọ̀nì! Ọ̀nì!", títí kan àwọn tí kò gbọ́ nípa ọ̀nì náà rí láyé wọn. Wọ́n taná. Máníjà jáde, ó ń làágùn, ó fi gbogbo ohun tó fi ń búra búra pé kò sí ọ̀nì kankan nínú fíìmù náà. Bàbá Sífáwù ní, "Ọ̀gá, ẹ má tàn wá. Láti ìgbà tí ààwẹ̀ kò tíì wọlé la ti ń gbọ́ nípa rẹ̀, ó sì ń dàgbà." Èmi jókòó, mo pa ẹnu mọ́, inú mi ń dùn bí oyin. Ohun tí mo fi ẹnu mi dá ni wọ́n ń wá nínú sinimá òyìnbó! Mo wo Múfú bó ṣe ń gbọn òógùn, mo ní, ẹ̀san rèé.

Wọ́n paná padà, wọ́n sì ń bá a lọ. Ogun jà, ó tán. Àkànní padà wálé, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì pé, bàtà rẹ̀ ń dán. Ó sáré bá Àbẹ̀ní lórí afárá, ó sì fẹnu kò ó lẹ́nu. Ilé dàrú! Sífáwù fi gèlè bojú, ṣùgbọ́n mo rí i, ojú kan wà níta, omi wà nínú rẹ̀. Agbálùmọ̀ kan wà lọ́wọ́ mi tí mo ti ń mu, nítorí ìgbà rẹ̀ ni. N ò mọ ìgbà tó kúrò níbẹ̀. Ó bá òyìnbó náà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ gbà-á, ó fọ́ síbẹ̀, ó lẹ̀ mọ́ aṣọ. Ìjà tí mo ní mo jà nìyẹn. Ọ̀pọ̀ oṣù ni àbàwọ́n náà fi wà lára aṣọ, gbogbo òṣèré tó bá sì dúró níbẹ̀, t'ọba t'ìjòyè, á gbé e sí ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, mo jókòó sórí awọ àgbò, mo wúkọ́, mo ka ìparí. Nínú ìwé, Àkànní padà dé pẹ̀lú ọwọ́ kan ṣoṣo. Ó dúró létí odò. Àbẹ̀ní kò kígbe, kò dì mọ́ ọn. Ó fọwọ́ hàn án ibi tí yóò jókòó sí níwájú ọkọ̀. Ọkọ̀ ti gbó, omi ń wọ̀ ọ́. Nígbà tí wọ́n dé àárín odò, ó na igbá sí i, ó ní, "Ọwọ́ kan tó láti gbọ́n omi." Àkànní ń gbọ́n omi, Àbẹ̀ní ń tukọ̀. Ó parí.

Abẹ́rẹ́ dúró. Mo gbójú sókè, mo ń retí kí wọ́n kígbe. Sífáwù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Irọ́ ni."

"Irọ́ kẹ̀? Òun rèé nínú ìwé!"

"Ìwọ lo gé e lọ́wọ́. Owú ló mú ọ gé e."

Bàbá Sífáwù gba ìwé náà, ó wò ó láti ọ̀tún sí òsì bí ẹni ń wo kéú, ó dá a padà fún mi. Ẹ gbọ́ ọ̀ràn o! Ọ̀nì tí mo fi ẹnu mi bí, wọ́n fẹ́ wó ilé sinimá nítorí rẹ̀. Ọwọ́ tó gé nínú ìwé, tí mo ka bó ṣe wà láìfi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kún un, òun ni wọ́n pè nírọ́. Sífáwù dìde, ó na ọwọ́. "Gbé e wá. Èmi fúnra mi á kà á."

Ilé ẹ̀kọ́ àgbà kan wà lẹ́bàá Màpó nígbà náà, tí wọ́n ti ń kọ́ni ní ABD lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́. Ibẹ̀ ni Sífáwù gbà lọ. Òkè Màpó ga, ẹ sì lè mọ ẹni tó ní kẹ̀kẹ́. Mo máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbá ọṣẹ ìyá mi, mo ń rí i lẹ́yìn Múfú, ìwé mi lábẹ́ apá rẹ̀, aago kẹ̀kẹ́ ń dún gbinrin-gbinrin. Mo ń bẹ Ọlọ́run kí táyà fọ́. Kò fọ́ rí. Bàbá Sífáwù ra asọ̀rọ̀mágbèsì, ó gbé e kọ́ sí ìsọ̀, etí àwọn aránfìlà sì rí ọ̀gá mìíràn.

Àgbàdo ọdún náà ti ń tán lọ kó tó dá ìwé padà. Ó bá mi l'Ọ́jà'ba, ó gbé e lé orí ọṣẹ. Ó ní, "Mo kà á tán. Òótọ́ lo sọ, ọwọ́ kan ló ní. Mo wá ọ̀nì títí, n ò rí i. Sinimá ò ní in, ìwé ò ní in, ọ̀dọ̀ rẹ nìkan ló wà. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tìrẹ ni mo fẹ́."

Múfú ló fẹ́, ó sì bí ọmọ fún un. Múfú ti kú, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Mo sunkún níbi òkú rẹ̀, mo sì ń jowú kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bí mo ṣe ń sunkún. Wọ́n ti ń kó aṣọ títà sí ilé sinimá náà. Ẹ̀rọ ló ń rán fìlà báyìí, ẹ̀rọ kì í sì í gbọ́ ìtàn. Ikán jẹ ìwé náà. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe rí Rọ́ṣídá lánàá tó ń bá fóònù jà nítorí ọmọbìnrin tí kò sí níbì kankan, mo mọ̀ pé ohun kan ò tíì yí padà: ẹni tó bá ti fi ojú inú rí ènìyàn kan nínú ìwé, tirẹ̀ ni, kò ní fẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án.

Nísinsìnyí, kí ẹnikẹ́ni má baà pè mí ní òpùrọ́: Sífáwù wá lóòótọ́, ó dá ìwé padà lóòótọ́, ó sì gbà pé ọwọ́ kan ni Àkànní ní. Lẹ́yìn náà ó bi mí bóyá Múfú mọ̀ pé kò sí ọ̀nì. Mo ní kò mọ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní òun ń lọ sọ fún un, ó sì sáré kúrò níbẹ̀. Pé tèmi ló fẹ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sọ ọ́. Èmi ni mo fi sí i lẹ́nu.